Ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀, ìgbàlà àti ìwà tuntun: èwo ló ń ṣáájú?

Àwọn ìbéèrè kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn Kristẹni nígbà tí wọ́n bá ń sọ òótọ́ inú wọn. Ẹnìkan ti tọrọ ìdáríjì lórí ẹ̀ṣẹ̀ kan náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó ń bi ara rẹ̀ léèrè bóyá Ọlọ́run tilẹ̀ gbọ́. Ẹlòmíràn ń wo ará ìjọ kan tó ní òun ti di àtúnbí, ṣùgbọ́n tí irọ́, ìbínú àti ojúkòkòrò rẹ̀ kò dín kù rárá. Ó ń bèèrè pé irú ìgbàlà wo nìyẹn. Ẹnìkẹta kò tíì sún mọ́ Ọlọ́run rárá, nítorí ó ní òun fẹ́ kọ́kọ́ jáwọ́ nínú ohun tó dè òun mọ́lẹ̀ kí òun tó wá.

Orísun kan náà ni ìdààmú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wá. Nǹkan mẹ́rin tí Bíbélì sọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni a ti rọ́ pọ̀ mọ́ra wọn: ìdáríjì tí Ọlọ́run fi ń mú ẹ̀bi kúrò, ìbí tuntun tí Ẹ̀mí Mímọ́ ń ṣe nínú ènìyàn, ìyípadà ìwà tó ń gba àkókò, àti àbájáde ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣì lè wà nílẹ̀ lẹ́yìn tí Ọlọ́run ti dárí jini. Wọ́n so mọ́ra, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, wọn kì í sì í parí ní ọjọ́ kan náà. Bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra ni gbogbo ohun tí mo ní láti sọ dá lé lórí: ìdáríjì ló ń bí ìwà tuntun, ìwà tuntun kọ́ ló ń ra ìdáríjì. Ẹni tó bá yí i sódì yóò di agbéraga, tàbí kí ó sọ ìrètí nù.

Ẹ̀bi àti ìdè

Ìhà méjì ni ẹ̀ṣẹ̀ ní nínú ẹ̀kọ́ Kristẹni. Ìkíní ni ìṣe: ohun tí a ṣe tí kò yẹ ká ṣe, àti ohun tó yẹ ká ṣe tí a kọ̀ tí a ò ṣe. Ìkejì ni ipò tí ọkàn wà, ìtẹ̀sí tó ti wà nínú ènìyàn kí ọwọ́ tó ṣe nǹkan kan. Jésù sọ nínú Máàkù orí 7 pé inú ọkàn ni èrò búburú, olè jíjà, ìpànìyàn, ojúkòkòrò àti ìgbéraga ti ń jáde wá. Ìṣe ń mú ẹ̀bi wá; ipò ọkàn ń sọ ènìyàn di ẹrú. Ẹ̀bi ń fẹ́ ìdáríjì, ẹrú ń fẹ́ ìtúsílẹ̀. Ìdí nìyí tí Dáfídì fi bèèrè ohun méjì nínú Sáàmù 51: ó ní kí Ọlọ́run nu ìrékọjá òun nù, ó sì tún ní kí ó dá ọkàn mímọ́ sínú òun. Tó bá jẹ́ pé ìdáríjì nìkan ló tán gbogbo ọ̀rọ̀ náà, kò ní sí ìdí fún ẹ̀bẹ̀ kejì.

Ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí Ọlọ́run bá dárí jini, ohun tó ń sọ ni pé "kò burú, ó ti tán." Bíbélì kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó burú, ó burú. Ẹ̀kọ́ tó wà ní àárín gbùngbùn ìgbàgbọ́ Kristẹni ni pé Kristi kú nítorí ẹ̀ṣẹ̀ wa, àti pé nípa ikú yẹn, gẹ́gẹ́ bí Róòmù orí 3 ṣe wí, Ọlọ́run jẹ́ olódodo, ó sì tún dá ẹni tó gba Jésù gbọ́ láre. Ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tó gbà á. Ẹni tó fi í fúnni ló san owó rẹ̀.

Báwo gan-an ni ikú ẹnìkan ṣe ń mú ẹ̀bi ẹlòmíràn kúrò? Àwọn ìjọ ti dáhùn lóríṣiríṣi ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba ìjọ àtijọ́ tẹnu mọ́ ọn pé lórí àgbélébùú ni Kristi ti ṣẹ́gun ikú àti èṣù tó mú ènìyàn nígbèkùn. Ní nǹkan bí ọdún 1098, Anselm, bíṣọ́ọ̀bù àgbà ti Canterbury, kọ̀wé pé ẹ̀ṣẹ̀ ti tẹ́ ọlá Ọlọ́run mọ́lẹ̀, pé ènìyàn ló jẹ gbèsè náà ṣùgbọ́n Ọlọ́run nìkan ló lágbára láti san án, nítorí náà ni Ọlọ́run fi di ènìyàn. Àwọn Alátùn-únṣe, ìyẹn àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, John Calvin pàápàá, sọ pé ìjìyà tó tọ́ sí wa ni Kristi gbé rù. Ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ Nicaea, tí ọ̀pọ̀ ìjọ ṣì ń kà títí di òní, kàn sọ pé nítorí àwa ènìyàn àti nítorí ìgbàlà wa ni ó ṣe sọ̀kalẹ̀ wá láti ọ̀run, tí a sì kàn án mọ́ àgbélébùú nítorí wa. Kò fi dandan lé àlàyé kan ṣoṣo. Lójú tèmi, ó dára bẹ́ẹ̀. Ènìyàn lè gba ìdáríjì láìtíì mọ gbogbo bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ rí bí ìdáríjì àti ìwà ṣe tẹ̀ léra, Lúùkù orí 7 ni kí ẹ kà. Obìnrin kan tí gbogbo ìlú mọ̀ sí ẹlẹ́ṣẹ̀ wọ ilé Símónì Farisí, ó fi omijé wẹ ẹsẹ̀ Jésù, ó sì fi irun orí rẹ̀ nù ún. Jésù ní a ti dárí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ tó pọ̀ jì í, nítorí tí ó ní ìfẹ́ púpọ̀. Ẹni tó bá ka gbólóhùn yẹn nìkan lè rò pé ìfẹ́ ló fi ra ìdáríjì. Ṣùgbọ́n Jésù ti pa òwe kan kí ó tó sọ ọ́: ajigbèsè méjì, ọ̀kan jẹ 500 dénárì, èkejì jẹ 50, ayánilówó sì fi gbogbo rẹ̀ jì wọ́n nígbà tí wọn kò ní ohun tí wọn yóò fi san. Dénárì kan ni owó iṣẹ́ òòjọ́ alágbàṣe nígbà náà, nítorí náà gbèsè ẹni àkọ́kọ́ ju iṣẹ́ ọdún kan gbáko lọ. Ta ni yóò fẹ́ràn ayánilówó náà jù? Símónì fúnra rẹ̀ dáhùn pé ẹni tí a fi púpọ̀ jì ni. Ìdáríjì ló kọ́kọ́ dé, ìfẹ́ ló tẹ̀ lé e. Omijé obìnrin náà jẹ́ ẹ̀rí pé ó mọ ohun tí a ti ṣe fún òun.

Lúùkù tún fi ìtàn agbowó-orí méjì sí itòsí ara wọn, mo sì gbà pé ó yẹ ká kà wọ́n pọ̀. Nínú orí 18, agbowó-orí kan dúró lókèèrè nínú tẹ́ḿpìlì, kò lè gbójú sókè, ó ń lu àyà rẹ̀, ó ń bẹ Ọlọ́run pé kí ó ṣàánú òun ẹlẹ́ṣẹ̀. Jésù ní ọkùnrin yìí ni a dá láre nígbà tó ń lọ sílé, pé kì í ṣe Farisí tó ka iṣẹ́ rere rẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. A kò gbọ́ pé ó kọ́kọ́ san owó kankan padà. Nínú orí 19, Sákéù, olórí agbowó-orí, gba Jésù sí ilé rẹ̀, ó sì dìde dúró, ó ní òun yóò fún àwọn tálákà ní ìdajì ohun ìní òun, àti pé ẹnikẹ́ni tí òun bá ti rẹ́ jẹ, òun yóò san án padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Ìtàn àkọ́kọ́ dá ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ tún ara rẹ̀ ṣe lóhùn. Èkejì dá ẹni tó rò pé àdúrà kan ti tó, pé kí owó olówó máa wà lọ́wọ́ òun lọ, lóhùn.

Júdásì àti Pétérù

Ìrònúpìwàdà ni ẹnu ọ̀nà, ó sì rọrùn láti ṣì í mú fún ìtìjú tàbí ẹkún. Ní òru kan náà, ọmọ-ẹ̀yìn méjì já Jésù kulẹ̀: Júdásì tà á ní 30 owó fàdákà, Pétérù sì sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn méjèèjì ló banú jẹ́. Mátíù sọ pé Júdásì kábàámọ̀, ó dá owó náà padà, ó sì jẹ́wọ́ pé òun ti ṣẹ̀ ní fífi ẹ̀jẹ̀ aláìṣẹ̀ hàn. Tí a bá fi ojú lásán wò ó, ohun tó ṣe pọ̀ ju ti Pétérù lọ, nítorí Pétérù kàn jáde lọ sunkún kíkorò ni. Ibi tí oníkálukú gbé ìbànújẹ́ rẹ̀ lọ ni ìyàtọ̀ wà. Júdásì gbé tirẹ̀ lọ bá àwọn olórí àlùfáà, tí wọ́n ní kí ló kàn wọ́n níbẹ̀. Ó jáde, ó sì lọ pokùn so, láìpadà sọ́dọ̀ ẹni tó ṣẹ̀. Pétérù padà. Nínú Jòhánù orí 21, ó bẹ́ sínú omi kí ó lè tètè dé ọ̀dọ̀ Jésù létí òkun, níbẹ̀ sì ni a ti bi í lẹ́ẹ̀mẹta bóyá ó fẹ́ràn Olúwa rẹ̀. Ohun tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Kọ́ríńtì nínú ìwé kejì, orí 7, nìyẹn: ìbànújẹ́ kan wà tó ń sinni lọ sí ìrònúpìwàdà àti ìgbàlà, òmíràn sì wà tó ń sinni lọ sí ikú.

Èyí kan ẹni tó ń tọrọ ìdáríjì lórí ẹ̀ṣẹ̀ kan náà láti ọdún dé ọdún gan-an. 1 Jòhánù 1:9 sọ pé bí a bá jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ wa, olóòótọ́ àti olódodo ni Ọlọ́run láti dárí wọn jì wá. Kò sọ pé bí ọkàn wa bá fúyẹ́. Òótọ́ Ọlọ́run ni ìlérí náà dúró lé. Ọkàn lè pẹ́ kí ó tó gbà á. Bí o bá ti jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kan, tí o sì ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ọpẹ́ ló kù fún ọ láti dú, kì í ṣe pé kí o tún máa hú ọ̀rọ̀ tí Ọlọ́run ti sin.

Ìgbàlà ti àná, ti òní, ti ọ̀la

Bí ẹnìkan bá bi ọ́ pé ṣé o ti rí ìgbàlà, ìdáhùn mẹ́ta ni Ìwé Mímọ́ fàyè gbà, òótọ́ sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Éfésù 2:8 sọ pé oore-ọ̀fẹ́ ni a ti fi gbà yín là nípa ìgbàgbọ́: ó ti ṣẹlẹ̀. Kọ́ríńtì Kìíní 1:18 sọ̀rọ̀ nípa àwa tí a ń gbà là: ó ń lọ lọ́wọ́. Róòmù 5:9 ní a ó gbà wá là kúrò nínú ìbínú: ó ṣì ń bọ̀. Àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ ìsìn fún wọn lórúkọ. Ìdáláre ni wọ́n pe èyí tí Ọlọ́run fi ń ka ẹlẹ́ṣẹ̀ sí olódodo nítorí Kristi. Ìsọdimímọ́ ni wọ́n pe èyí tó ń sọ ọ́ di mímọ́ ní tòótọ́, díẹ̀díẹ̀. Ìṣelógo sì ni òpin rẹ̀, nígbà àjíǹde, tí ẹ̀ṣẹ̀ kò ní sí mọ́ rárá. Ìbí tuntun tí Jésù sọ fún Nikodémù nínú Jòhánù orí 3 ni ìbẹ̀rẹ̀ ìyè náà nínú ènìyàn. Ìbí ni. Ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ti wà láàyè pátápátá, kò sì tíì mọ ìrìn.

Tí a bá fi èyí sọ́kàn, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ kà sí ìjà láàárín Pọ́ọ̀lù àti Jákọ́bù kò le tó bí wọ́n ṣe rò. Pọ́ọ̀lù sọ nínú Róòmù 3:28 pé ìgbàgbọ́ ni a fi ń dá ènìyàn láre láìsí iṣẹ́ òfin. Jákọ́bù 2:24 ní nípa iṣẹ́ ni a ń dá ènìyàn láre, pé kì í ṣe nípa ìgbàgbọ́ nìkan. Ábúráhámù kan náà ni àwọn méjèèjì fi ṣe ẹlẹ́rìí! Ẹ wo ibi tí oníkálukú ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀. Jẹ́nẹ́sísì orí 15 ni Pọ́ọ̀lù dúró lé, níbi tí Ábúráhámù ti gba ìlérí Ọlọ́run gbọ́ tí a sì ka ìgbàgbọ́ náà sí òdodo fún un, kí a tó kọ ọ́ nílà ní orí 17, kí ó tó ṣe ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni lè pè ní iṣẹ́ òfin. Jákọ́bù lọ sí orí 22, ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, níbi tí Ábúráhámù ti fi Ísákì lélẹ̀ lórí pẹpẹ, ó sì sọ pé níbẹ̀ ni ìwé mímọ́ ti orí 15 yẹn ti ṣẹ. Pọ́ọ̀lù ń bá ẹni tó fẹ́ fi iṣẹ́ wọlé jà. Jákọ́bù ń bá ẹni tó ti jókòó sínú ilé jà, ẹni tó ń rí arákùnrin rẹ̀ ní ìhòòhò tí ebi ń pa, tó sì ní "máa lọ ní àlàáfíà, kí ara rẹ yá gágá." Pọ́ọ̀lù alára kò dákẹ́ ní Éfésù 2:9, ẹsẹ 10 sọ pé a dá wa nínú Kristi Jésù fún iṣẹ́ rere.

Ibi tí àwọn ìjọ ti yapa

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ Kristẹni kò mọ̀ nípa ìjọ tí kì í ṣe tiwọn, ó sì yẹ kí wọ́n mọ̀ ọ́n. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún karùn-ún, Pelagius, ẹni tó wá láti Britain, kọ́ni pé ènìyàn lágbára nípa ìfẹ́ inú ara rẹ̀ láti pa òfin Ọlọ́run mọ́. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní Àríwá Áfíríkà, dá a lóhùn pé ìfẹ́ inú náà gan-an ti ṣàìsàn, oore-ọ̀fẹ́ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. Àpérò tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù ṣe ní Carthage ní ọdún 418 dá ẹ̀kọ́ Pelagius lẹ́bi. Kátólíìkì àti Pùròtẹ́sítáǹtì, ọ̀dọ̀ Augustine ni wọ́n jọ wà lórí èyí. Nígbà tí Àpérò Trent, ìpàdé ńlá àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì, sọ̀rọ̀ lórí ìdáláre ní ọdún 1547, ohun àkọ́kọ́ tó dá lẹ́bi ni kí ẹnikẹ́ni sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn lè dá a láre níwájú Ọlọ́run láìsí oore-ọ̀fẹ́ Kristi. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé Ìjọ Kátólíìkì ń kọ́ni pé iṣẹ́ rere ló ń gba ènìyàn là kò ṣe òótọ́ sí wọn.

Kí wá ni ìjà náà? Nígbà tí Martin Luther, àlùfáà ará Jámánì, gbé àkọsílẹ̀ kókó ọ̀rọ̀ 95 rẹ̀ jáde ní Wittenberg ní 31 oṣù Kẹwàá, ọdún 1517, owó tí wọ́n ń gbà lórí ìwé ìdáríjì ìjìyà ẹ̀ṣẹ̀, ìyẹn ìwé tí ìjọ fi ń mú ìjìyà tó kù lórí ẹ̀ṣẹ̀ kúrò, ló ń bá wí, èyí àkọ́kọ́ nínú àkọsílẹ̀ náà sì sọ pé gbogbo ìgbé ayé onígbàgbọ́ ni Olúwa fẹ́ kó jẹ́ ìrònúpìwàdà. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ìdáláre gba iwájú. Luther àti àwọn tó tẹ̀ lé e ní òdodo Kristi ni a kà sí onígbàgbọ́ lọ́rùn, bí ó tilẹ̀ ṣì ń bá ẹ̀ṣẹ̀ jìjàkadì. Trent ní ìdáláre kò mọ sí kíka ènìyàn sí olódodo nìkan, pé ó kan sísọ inú rẹ̀ di tuntun pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré, nítorí ó kan ohun tí ènìyàn yóò gbára lé nígbà tó bá ń kú lọ: ṣé iṣẹ́ tí Kristi ṣe fún un ni, tàbí pẹ̀lú èyí tí Kristi ti ṣe nínú rẹ̀? Ní 31 oṣù Kẹwàá, ọdún 1999, ní Augsburg ní Jámánì, àwọn aṣojú Ìjọ Kátólíìkì àti Àjọ Àwọn Ìjọ Luther Lágbàáyé buwọ́ lu ìwé kan pé oore-ọ̀fẹ́ nìkan ni Ọlọ́run fi gbà wá, kì í ṣe nítorí ẹ̀tọ́ kankan tí a ní, àti pé Ẹ̀mí Mímọ́ ń sọ ọkàn wa dọ̀tun ó sì ń pè wá sí iṣẹ́ rere. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì dara pọ̀ ní 2006. Ìyàtọ̀ ṣì kù, ṣùgbọ́n kò tó èyí tí a ń sọ lórí pẹpẹ ìwàásù.

Àwọn ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì ti Ìlà-oòrùn, irú èyí tó wà ní Gíríìsì àti Rọ́ṣíà, kò fi bẹ́ẹ̀ wọ inú àríyànjiyàn yẹn. Bí ti àwa ìjọ Ìwọ̀-oòrùn, Kátólíìkì àti Pùròtẹ́sítáǹtì, bá dà bí ilé ẹjọ́, ti wọn dà bí ilé ìwòsàn: ẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ àìsàn, Kristi ni oníṣègùn, ìgbàlà sì ni kí ènìyàn máa ṣe alábàápín ìyè Ọlọ́run, gẹ́gẹ́ bí 2 Pétérù 1:4 ṣe wí. Mo rò pé a nílò láti gbọ́ ohùn wọn. Ẹni tí ilé ẹjọ́ dá sílẹ̀ ṣì lè máa ṣàìsàn.

Lórí ìjẹ́wọ́, Kátólíìkì àti Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì ń jẹ́wọ́ ní iwájú àlùfáà nítorí ọ̀rọ̀ Jésù nínú Jòhánù 20:23, tó sọ fún àwọn ọmọ-ẹ̀yìn pé ẹni tí wọ́n bá dárí ẹ̀ṣẹ̀ jì, a ti dárí jì í. Láti Àpérò Lateran ọdún 1215 ni Ìjọ Kátólíìkì ti pàṣẹ pé ó kéré tán kí ó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Ọ̀pọ̀ Pùròtẹ́sítáǹtì ń jẹ́wọ́ tààrà fún Ọlọ́run. Mo fara mọ́ èyí, ṣùgbọ́n Jákọ́bù 5:16 tó ní kí a jẹ́wọ́ fún ara wa ti di ẹsẹ tí a kì í kà mọ́, a sì ń pàdánù púpọ̀ nípa bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ máa ń lágbára.

Ṣé ènìyàn lè sọ ìgbàlà rẹ̀ nù? Àpérò Dort ní Holland, láti 1618 sí 1619, tí àwọn ìjọ tó tẹ̀ lé ẹ̀kọ́ Calvin ṣe, ní ẹni tí Ọlọ́run bá yàn kò ní ṣègbé, wọ́n sì di Jòhánù 10:28 mú, níbi tí Jésù ti ní ẹnikẹ́ni kò lè já àwọn àgùntàn òun gbà lọ́wọ́ òun. Àwọn ọmọlẹ́yìn Jacobus Arminius tí àpérò náà bá wí, àti John Wesley, ẹni tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá, lẹ́yìn wọn, ń tọ́ka sí ìkìlọ̀ Hébérù orí 6 nípa àwọn tó ṣubú kúrò lẹ́yìn tí wọ́n ti tọ́ ẹ̀bùn ọ̀run wò. Ìhà méjèèjì gbà pé ẹni tó bá ń fi ẹ̀ṣẹ̀ ṣeré láìbìkítà kò ní ẹ̀tọ́ láti fi ọkàn balẹ̀. Fún ẹni tó ń gbé ìgbé ayé ojoojúmọ́, ibi tí wọ́n ti pàdé yìí wúlò ju ibi tí wọ́n ti yapa lọ.

Kí ló dé tí ìyípadà fi ń pẹ́?

John Newton, atukọ̀ ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ké pe Ọlọ́run nínú ìjì líle kan lójú òkun ní oṣù Kẹta ọdún 1748. Ó ń ṣe ìrántí ọjọ́ náà títí ó fi kú. Lẹ́yìn rẹ̀, ó di ọ̀gá ọkọ̀ tó ń kó ẹrú láti Áfíríkà, ó ń gbàdúrà lókè ọkọ̀ nígbà tí àwọn ènìyàn wà nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ nísàlẹ̀. Àìsàn ló dá a dúró nínú ìrìn àjò náà ní 1754. Ó di àlùfáà Áńgílíkà ní 1764. Ó di 1788 kí ó tó tẹ ìwé jáde ní gbangba láti tako òwò ẹrú tí ó sì jẹ́wọ́ ipa tó kó nínú rẹ̀. Ogójì ọdún! Newton fúnra rẹ̀ kọ̀wé pé òun kò lè pe ara òun ní onígbàgbọ́ ní kíkún ìtumọ̀ rẹ̀ títí di ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn ìjì náà.

Àwọn kan máa ń fi ìtàn yìí tu ara wọn nínú pé díẹ̀díẹ̀ ni Ọlọ́run ń ṣiṣẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ló ń jìyà ìfàsẹ́yìn wa. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ọkọ̀ Newton kò ní ogójì ọdún láti fi dúró dè é. Bí a bá ní ìyípadà ń gba àkókò, kí a bi ara wa léèrè pé ta ni àkókò náà ń pa lára.

Pọ́ọ̀lù kọ Róòmù orí 7 nípa ẹni tó ń ṣe ohun tí kò fẹ́ ṣe. Àwọn olùkọ́ni kò fohùn ṣọ̀kan bóyá ara rẹ̀ kí ó tó gbàgbọ́ ló ń sọ ni tàbí lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n gbogbo onígbàgbọ́ ló mọ ìjàkadì náà. Ìwé Jòhánù Kìíní kan náà tó ní bí a bá wí pé a kò ní ẹ̀ṣẹ̀ a ń tan ara wa jẹ, òun ló tún ní ẹni tí a bí láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run kì í dẹ́ṣẹ̀. Ohun tó so méjèèjì pọ̀ ni pé ẹni tí a tún bí lè ṣubú, ṣùgbọ́n kò lè fi ibẹ̀ ṣe ilé. Nítorí náà, nípa ará ìjọ tí ìwà rẹ̀ kò yí padà, ohun tó yẹ ká wò ni ibi tó kọjú sí. Nígbà tí a bá bá a wí, ṣé ó ń gbọ́? Ṣé ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn tó ṣẹ̀? Ṣé ó ń bá ẹ̀ṣẹ̀ náà jà, tàbí ó ti bá a mulẹ̀? Bí gbogbo ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́ láti ọdún pípẹ́, Jésù ti ní èso ni a ó fi mọ igi.

Ohun tí ìdáríjì kì í mú kúrò

Nígbà tí Dáfídì jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ Bátíṣébà àti ikú Ùráyà, lójú ẹsẹ̀ ni Nátánì ní Olúwa ti mú ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kúrò, pé kò ní kú. Ṣùgbọ́n Nátánì ti sọ pé idà kò ní kúrò ní ilé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí. Olè tí Jésù ṣèlérí Párádísè fún lórí àgbélébùú kú lórí àgbélébùú tirẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìdáríjì ń tún àárín ènìyàn àti Ọlọ́run ṣe. Kò pa gbèsè tí a jẹ ẹlòmíràn rẹ́, kò sì sọ ìjìyà òfin di ohun tí kò tọ́ mọ́.

Nípa ẹ̀ṣẹ̀ tí kò ní ìdáríjì, èyí tó ń da ọ̀pọ̀ ọkàn tútù láàmú, ẹ ka Máàkù 3:28-30 pọ̀ mọ́ ohun tó ṣáájú rẹ̀. Àwọn akọ̀wé òfin rí iṣẹ́ Ẹ̀mí Mímọ́ kedere, wọ́n sì pè é ní iṣẹ́ èṣù. Ọkàn tó ti le tó bẹ́ẹ̀ kì í tọrọ ìdáríjì. Ẹni tó ń bẹ̀rù pé òun ti dá ẹ̀ṣẹ̀ yẹn, ẹ̀rù rẹ̀ ti fi hàn pé kò sí níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó kù ni ti Mátíù 6:15, níbi tí Jésù ti ní bí a kò bá dárí ji ènìyàn, Baba kò ní dárí jì wá. Ṣé èyí kò yí ohun tí mo sọ lókè sódì? Orí 18 ìwé kan náà dáhùn. Ọba kan kọ́kọ́ fi 10,000 tálẹ́ńtì ji ìránṣẹ́ rẹ̀, tálẹ́ńtì kan sì tó nǹkan bí 6,000 dénárì. Lẹ́yìn náà ni ìránṣẹ́ yìí fún ẹnìkejì rẹ̀ lọ́rùn nítorí 100 dénárì. Àánú ọba ló ṣáájú. Ẹni tí àánú yẹn kò yí ọwọ́ rẹ̀ padà kò gbà á ní tòótọ́.

Ṣùgbọ́n a ti fi ẹsẹ yìí ṣe àwọn ènìyàn léṣe. A fi í pa obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ń lù lẹ́nu mọ́, a fi í dá olórí tó kó owó ìjọ jẹ tàbí tó ba ọmọ kékeré jẹ́ padà sórí àga rẹ̀ lẹ́yìn ẹkún ọjọ́ Ìsinmi kan. Láti dárí jini ni láti fi ẹ̀san sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Kò ní kí a fi kọ́kọ́rọ́ ilé lé ẹni tó ń pani lára lọ́wọ́, kò sì ní kí a fi ẹjọ́ pa mọ́ fún àwọn aláṣẹ tí Róòmù orí 13 sọ pé Ọlọ́run gbé kalẹ̀ láti bá aṣebi wí. Tímótì Kìíní orí 3 ní kí alábòójútó jẹ́ aláìlẹ́gàn, kí ó sì ní ẹ̀rí rere lọ́dọ̀ àwọn ará òde. Olórí tó ronú pìwà dà lè gba ìdáríjì lónìí, kí ó jókòó pẹ̀lú wa nínú ìjọsìn, kí ó máa san ohun tó kó padà, kí ó jẹ́jọ́ níwájú òfin, kí ó má sì gun pẹpẹ mọ́ láéláé. Ẹni tó pa lára ni yóò sì sọ ìgbà tí òun lè tún rí ojú rẹ̀, bí ọjọ́ náà bá tilẹ̀ dé.